Bẹ́ ẹ ṣe máa lọ wo adágún orí òkè Adó-Àwáyè àti páàkì Old Oyo láti Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú tẹ́ ẹ ti ń gbèrò àtilọ Òkè-Ògùn, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé ẹ má ṣe é ní àlọ-àbọ̀ ọjọ́ kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa máa ń ṣe nìyẹn, wọ́n á kó ara wọn jọ sínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á dúró jẹun n'Íbàdàn, aago kan tàbí aago méjì ọ̀sán ni wọ́n á tó dé ẹsẹ̀ òkè, àpáta á ti gbóná bí ààrò, wọ́n á sáré gùn ún, wọ́n á ya fọ́tò mélòó kan, wọ́n á sáré sọ̀, òru ni wọ́n á tó padà wọ Ṣàgámù. Owó mọ́tò ti lọ, ara ti daṣẹ́ sílẹ̀, adágún tí wọ́n torí ẹ̀ lọ, bóyá ni wọ́n fi ìṣẹ́jú márùn-ún dúró níwájú ẹ̀. Ẹ sun Ìsẹ́yìn, ìlú tí kò jìnnà sí òkè náà, jàre. Alẹ́ méjì tó, mẹ́ta ló dáa jù. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, orí sísùn Ìsẹ́yìn yẹn ló dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, torí mo ń rí i táwọn èèyàn ń pò wọ́n mọ́ra. Adágún méjì ló wà ní sàkáání Ìsẹ́yìn. Ọ̀kan ni Ìyákẹ, òun ló wà lórí òkè Adó-Àwáyè, omi tó jókòó sórí àpáta lókè lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé irú ẹ̀ méjì péré ló wà láyé, pé ìkejì wà ní Colorado l'Ámẹ́ríkà. Adágún kejì ni ti Ìkéré, tí gbogbo ayé ń pè ní Ikere Gorge. Ìyẹn, ìjọba ló sé Odò Ògùn níbẹ̀, àsìkò Ṣàgàrí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀, omi náà sì fẹ̀ lọ salalu, ẹ̀gbẹ́ páàkì Old Oyo ló wà. Adó-Àwáyè fúnra ẹ̀ ò sí nínú páàkì o. Ará ìlú ló ń bójú tó òkè, ìjọba àpapọ̀ ló ni páàkì, torí náà owó ìwọlé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, gáìdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni.

Ohun kan tún wà tó yẹ kó wu ọmọ Ìkòròdú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Odò Ògùn tí wọ́n sé ní Ìkéré yẹn, òun náà ló ń ṣàn gba Abẹ́òkúta kọjá títí tó fi ń já sí ọ̀sà Èkó lápá ibi tá à ń gbà kọjá lọ sí Mile 12, òun náà ló máa ń kún wọ ilé àwọn èèyàn ní Ajégúnlẹ̀ lójú títì Ìkòròdú nígbà òjò, pàápàá tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ ní dáàmù Ọ̀yán. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá dúró létí adágún Ìkéré, apá òkè omi tiwa náà lẹ ń wò yẹn.

ÀSÌKÒ TÓ DÁA

November sí February ni kẹ́ ẹ fojú sí. Òjò ti lọ nígbà yẹn, ojú ọjọ́ á mọ́ kedere, oòrùn á máa ràn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn, kò sí igbó kìjikìji tó máa ṣíji boni. Ooru ibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Tiwa níbí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà la wà, ara á máa lẹ̀ mọ́ aṣọ, ẹ máa mọ̀ pé ẹ̀ ń làágùn. Tọ̀hún, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni, òógùn á ti gbẹ kẹ́ ẹ tó rí i, ibẹ̀ lèèyàn ti ń gbàgbé omi mímu tí ojú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú u lórí àpáta. Nígbà ọyẹ́, December wọ January, òwúrọ̀ máa ń tutù gan-an, ètè á máa là, ẹ mú sùẹ́tà àti òrí tàbí Vaseline dání, àmọ́ tó bá fi máa di aago mọ́kànlá ẹ máa bọ́ sùẹ́tà yẹn fúnra yín.

March mú jù fún mi, ooru ọ̀hún ò ṣeé fẹnu sọ. Láti June dé September, gbogbo ilẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀, ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpáta á ti rin fún omi, ó máa ń yọ̀, mi ò ní gbà á lámọ̀ràn fẹ́ni tó bá mú ọmọdé tàbí àgbàlagbà dání. Ẹ̀ẹ̀rùn ló tún dáa fún páàkì, koríko á ti gbẹ tàbí kí wọ́n ti sun ún, ẹranko á máa wá síbi tómi wà, ojú á lè rí wọn.

KẸ́ Ẹ TÓ GBÉRA

Ọ̀rọ̀ ààbò ni mo fẹ́ fi ṣáájú, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fojú di í. Igbó Òkè-Ògùn fẹ̀, gbogbo wa la sì mọ bí ìlú ṣe rí lásìkò yìí. Lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ bá ẹni tó ń gbé Ìsẹ́yìn sọ̀rọ̀, yálà hòtẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ fẹ́ sùn sí àbí gáìdì, kẹ́ ẹ bi í bí ọ̀nà ṣe rí. Fún páàkì, oríléeṣẹ́ wọn ní Ìsokùn nílùú Ọ̀yọ́ lẹ máa bá sọ ọ́, àwọn ló mọ apá tó ṣí sílẹ̀ fún àlejò àtèyí tí kò ṣí. Tí wọ́n bá ní ẹ má wá, ẹ má lọ, òkè Adó-Àwáyè nìkan tó ìrìn àjò fúnra ẹ̀. Ẹ má rìnrìn òru rárá, ẹ má sì jẹ́ kí ọlọ́kadà kankan tàn yín pé òun mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ inú páàkì.

Owó káàṣì ṣe pàtàkì. Pí-ó-ẹ̀sì wà n'Ísẹ́yìn dáadáa, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti jáde sí àwọn abúlé, nẹ́tíwọ̀kì lè má gbé tíransífà lọ, ẹ pín owó sí ọ̀nà méjì, ẹ fi kan sí báàgì, ẹ fi kan sára. Bàtà ni nǹkan kejì tẹ́ ò gbọ́dọ̀ fi ṣeré, kánfáásì tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ṣì máa ń di ilẹ̀ mú dáadáa, sílípáàsì ò lè ṣe é, bàtà tuntun tẹ́ ò tíì wọ̀ rí ò dáa náà torí ó máa bó yín lẹ́sẹ̀. Fìlà tàbí gèlè fún oòrùn, omi lítà méjì fẹ́nì kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gun òkè, ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fẹ́ni tí omi ara ẹ̀ bá ti gbẹ) bíi sáṣẹ́ẹ̀tì méjì, oògùn ẹ̀fọn, pawabánkì, tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ikọ́ fée tàbí orúnkún tó ń dùn ún, kó mú oògùn ẹ̀ dání, kó má fi pamọ́ fáwọn tí wọ́n jọ ń lọ.

Ẹ tún ra bísíkíìtì, ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ láti Sábó, torí orí òkè ò ní ọlọ́jà.

Ọ̀NÀ

Ọ̀nà méjì ló wà, èmi fẹ́ràn èkejì.

Àkọ́kọ́ ni mọ́tò. Ẹ gbéra láàárọ̀ kùtù, ẹ gba Odógunyàn, Ògíjo, ẹ já sí Ṣàgámù, ẹ bọ́ sí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n já yín sí Ìwó Road kẹ́ ẹ máa wá wàhálà kiri, ẹ sọ fún dírẹ́fà pé Mọ́níyà lẹ̀ ń lọ, tí kò bá débẹ̀ kó júwe ibi tẹ́ ẹ ti máa rí mọ́tò Mọ́níyà. Láti Mọ́níyà, ọ̀nà tó gba Ìjàyè lọ sí Ìsẹ́yìn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 65, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti tún un ṣe. Ẹni tó bá ti mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí tẹ́lẹ̀ á mọ̀ pé ohun ayọ̀ nìyẹn.

Èkejì ni rélùwéè. Wọ́n ṣí reluwé Èkó sí Ìbàdàn ní June 2021, Ebute Metta ló ti ń gbéra, ní Mobolaji Johnson Station, Mọ́níyà gan-an ló sì ń parí ẹ̀ sí, ìyẹn lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹ wo àkókò tó máa gbéra dáadáa torí wọ́n máa ń yí i padà, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wọ BRT láti gáréèjì Ìkòròdú ní ìdájí, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Fádéyí, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ tàbí mọ́tò kékeré lọ sí Alágomẹ́jì. Ibi tó ti le nìyẹn, torí gbogbo wa la mọ bí Mile 12 ṣe máa ń rí láàárọ̀, tẹ́ ẹ bá pẹ́ níbẹ̀ reluwé ò ní dúró dè yín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti jókòó, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìyẹn, ara yín á balẹ̀ dé Mọ́níyà, àwọn ọmọ á sì gbádùn ẹ̀.

Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ wọ Ìsẹ́yìn kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ìlú ńlá ni, hòtẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni kámpù àwọn agùnbánirọ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà, torí náà tí wọ́n bá wà ní kámpù yàrá lè wọ́n, ẹ pè síwájú. Alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ jẹ àmàlà. Àmàlà ilẹ̀ èlùbọ́ lẹ fẹ́ jẹ yìí, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi kún un. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ tètè sùn.

GÍGUN ÒKÈ

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí kẹ́ ẹ ti jí. Adó-Àwáyè ò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, mọ́tò máa ń lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n fún ìdájí mo rò pé ó sàn kẹ́ ẹ ti bá dírẹ́fà kan ṣàdéhùn lálẹ́ àná, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀, òun náà á wá gbé yín padà. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ti wà ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, bíi aago méje kẹ́ ẹ ti wà lórí àtẹ̀gùn.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ kí àwọn tẹ́ ẹ bá lẹ́sẹ̀ òkè dáadáa, ẹ má kan kọjá lára wọn. Tẹ́ ẹ bá pọ̀, bíi ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ ọmọ iléèwé, ó dáa kẹ́ ẹ ti ránṣẹ́ sí ààfin Aládó ṣáájú. Ẹ san owó ìwọlé, ẹ gba ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìlú ṣe gáìdì, ẹ sọ iye tẹ́ ẹ máa san kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ ò nílò gáìdì. Àtẹ̀gùn ló rọrùn láti mọ̀, lẹ́yìn àtẹ̀gùn, orí àpáta gbalasa lẹ máa wà, kò sí ọ̀nà tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, àwọn ló mọ ibi tẹ́sẹ̀ ń gbà.

Àtẹ̀gùn náà, wọ́n ní 369 ni. Ẹ má sáré. Àwọn géńdé ló máa ń sáré lọ́gbọ̀n àkọ́kọ́ tí wọ́n á wá jókòó sílẹ̀ lọ́gọ́rùn-ún. Ẹ máa gùn ún díẹ̀díẹ̀, ẹ máa dúró mí, ẹ máa wẹ̀yìn, ìlú á máa rẹlẹ̀ sí i lábẹ́ yín, páànù ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn bí oòrùn ṣe ń là. Ẹ mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ yín. Àgbàlagbà lè gùn ún tó bá ṣe é ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kẹ́nì kan ṣáà wà lẹ́yìn ẹ̀.

Lókè, nǹkan pọ̀ láti wò, gáìdì á sọ ìtàn kọ̀ọ̀kan fún yín, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ parí, ìtàn wọn ni, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìṣàgẹ̀ wà níbẹ̀, àpáta ràgàjì kan tó dúró lórí òmíràn, ibi tó ti fara kàn án kéré débi tẹ́ ẹ fi máa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbà pé kì í ṣe pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà wà níbẹ̀, àwọn ojú ẹsẹ̀ inú àpáta. Ìyá Aláró wà níbẹ̀. Ẹ máa kọjá níbi tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Kan Ayé Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run, orúkọ yẹn ti sọ bó ṣe rí, ẹ fi fóònù sápò níbẹ̀. Ẹ tún máa gbọ́ pé orí òkè yìí làwọn baba ńlá wọn ń gbé láyé ogun, nígbà tí ìsàlẹ̀ ò ṣeé gbé, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú ìsinsìnyí dó. Tẹ́ ẹ bá dúró sókè yẹn tẹ́ ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe tẹ́ lọ títí gbogbo apá, ẹ máa mọ ìdí tí wọ́n fi yàn án, kò sí ọ̀tá tó lè bọ̀ láì jẹ́ pé wọ́n ti rí i.

Ìyákẹ wá nìyẹn. Kí n sọ ọ́ tààrà, kò tóbi. Ẹni tó bá ń retí nǹkan bí ọ̀sà Ìkòròdú á yà á lẹ́nu. Omi tó rọra jókòó sínú kòtò àpáta ni, koríko yí etí ẹ̀ ká, ó pa rọ́rọ́, àwọ̀ ẹ̀ máa ń yí bí àwọsánmà bá ń kọjá. Ohun tó ń jọ èèyàn lójú ni ibi tó wà, ẹ ti gun àpáta gbígbẹ tó pọ̀ tó yẹn, ẹ wá bá omi, ẹ̀ẹ̀rùn ni, wọ́n sì ní kì í gbẹ. Ẹ jókòó tì í o. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ sun Ìsẹ́yìn nìyẹn, kẹ́ ẹ lè ní wákàtí kan tẹ́ ò ní í sáré. Ẹ má wọnú ẹ̀, ẹ má wẹ̀, ẹ má fọwọ́ ọmọdé sílẹ̀ létí ẹ̀. Àwọn ará ìlú ní ẹni tó bá jìn síbẹ̀, wọn kì í rí i mọ́, ibi ọ̀wọ̀ ni fún wọn, àwọn tó ń wá ọmọ sì máa ń wá síbẹ̀ wá tọrọ. Ẹ tún lè bá àwọn tó ń gbàdúrà lókè, ẹ má gbé kámẹ́rà sí wọn lójú. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike Lacasera, gbogbo ohun tẹ́ ẹ gbé gòkè ni kẹ́ ẹ gbé sọ̀, ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ọ̀rá lórí àpáta yẹn.

Aago mẹ́wàá kẹ́ ẹ ti máa sọ̀ bọ̀. Sísọ̀ ló máa ń dá orúnkún lóró ju gígùn lọ, ẹ fẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ sáré bọ̀.

ÀWỌN AHUNṢỌ ÌSẸ́YÌN

Lọ́sàn-án, ẹ sùn, torí oòrùn á ti mú. Tó bá di bí aago mẹ́ta ààbọ̀, ẹ ní kẹ́nì kan mú yín lọ síbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè. Ìsẹ́yìn ni ìlú aṣọ òfì, gbogbo aṣọ òkè tí à ń ná lọ́jà l'Ékòó, púpọ̀ nínú ẹ̀, ibẹ̀ ló ti wá.

Ẹ dúró ti ẹnì kan ṣoṣo kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Òwú á nà gbọọrọ síwájú ẹ̀ lórí ilẹ̀, wọ́n á ti so ìkángun ẹ̀ mọ́ ẹrù òkúta, bó ṣe ń hun ún lòkúta yẹn ń wọ́ sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì wà lórí ìtẹsẹ̀, ó tẹ ọ̀tún, òwú kan gbéra, ó ju ọ̀kọ̀ (igi kékeré tí òwú wà nínú ẹ̀) kọjá, ó gbá a mọ́lẹ̀, ó tẹ òsì, ó dá ọ̀kọ̀ padà, ìlù gan-an ni ìró ẹ̀. Ohun tó ń jáde lọ́wọ́ ẹ̀ ò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ ní fífẹ̀ lọ, wọ́n á wá gé e, wọ́n á rán an pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó di agbádá tàbí ìró. Tẹ́ ẹ bá rí ìyẹn, ẹ ò ní bá wọn ná owó ẹ̀ ní ìnákúnàá mọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ bi wọ́n nípa òwú tí wọ́n fi hun ún, ẹ ka iye ọ̀já tó wà nínú ẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ síta nínú oòrùn kẹ́ ẹ wo àwọ̀ ẹ̀ dáadáa. Ẹ bèèrè sányán, àlàárì àti ẹtù, kí àwọn ọmọ tẹ́ ẹ mú dání lè fojú rí wọn, kí wọ́n mọ èyí tó pupa àti èyí tó dúdú bí aró. Tẹ́ ẹ bá ní òde lọ́jọ́ iwájú ẹ lè ṣíṣẹ́ fún wọn, ẹ san àsansílẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín nípàákì mọ́tò.

ÌKÉRÉ ÀTI PÁÀKÌ

Lọ́jọ́ kejì tẹ́ ẹ gun òkè, ẹ lọ wo adágún Ìkéré láàárọ̀. Àwọn apẹja ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ máa rí ọkọ̀ ojú omi wọn, ẹ máa rí ẹja epìyà àti àrọ̀ tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀, ẹ bèèrè láéfùjákẹ́ẹ̀tì, tí kò bá sí, ẹ dúró sétí omi. Ọmọ etí ọ̀sà la jẹ́, a mọ ohun tí omi lè ṣe. Láti ibẹ̀, ẹ máa rí àwọn òkè tó yí i ká, ibi tó rẹwà jù lọ láti ya fọ́tò nínú gbogbo ìrìn àjò yìí nìyẹn, kí oòrùn tó ga.

Páàkì fúnra ẹ̀ ní ìtàn. Igbó ọba méjì ni tẹ́lẹ̀, Upper Ogun ti 1936 àti Ọ̀yọ́-Ilé ti 1941, wọ́n sọ wọ́n di igbó ẹranko ní 1952, ó wá di National Park ní 1991. Ó fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóòró. Ẹfọ̀n, ìgalà, ẹtu, ìjímèrè wà níbẹ̀, ẹyẹ ò lóǹkà. Àhoro Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ táwọn èèyàn kó kúrò ní nǹkan bíi 1835, inú páàkì yẹn náà ló wà, ṣùgbọ́n òkè pátápátá lápá àríwá ni, apá Ìgbẹ́tì ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́, ìrìn àjò ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ má fi kún èyí.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹranko, kó yí ètò yìí padà, Ọ̀yọ́ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ tí ọ́fíìsì bá ṣí. Ẹ lọ sí oríléeṣẹ́ wọn ní Ìsokùn, ẹ san owó, ẹ gba ìwé, ẹ gba rénjà (ẹ̀ṣọ́ páàkì), kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá apá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni wọ́n máa mú yín lọ. Ẹ mú mọ́tò tó lágbára dání, epo tó pé, oúnjẹ ọjọ́ méjì. Aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀, àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ ewé, ẹ má wọ pupa fòò. Ẹ má pariwo, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò láìjẹ́ pé rénjà ní kẹ́ ẹ sọ̀. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni ẹranko máa ń jáde, ọ̀sán ò dáa. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé igbó ni, kì í ṣe ọgbà ẹranko, ẹ lè rìn títí kẹ́ ẹ rí ẹsẹ̀ ẹranko nílẹ̀ kẹ́ ẹ má rí ẹranko.

PÍPADÀ

Ẹ lè gba Mọ́níyà padà, tàbí kẹ́ ẹ gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ọ̀yọ́ tó gba Fáṣọlá, òun náà ti dáa báyìí, kẹ́ ẹ ti Ọ̀yọ́ bọ́ sí Ìbàdàn. Kẹ́ ẹ tó kúrò n'Ísẹ́yìn, ẹ ra èlùbọ́ láàárọ̀ nígbà tí ọjà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún, ẹ fọwọ́ pa á, ẹ gbóòórùn ẹ̀, ẹ má ra èyí tó bá ń rùn. Wàrà tó dáa wà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, ẹ jẹ ẹ́ níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú un délé, ẹ ní kí wọ́n dín in. Ẹja gbígbẹ Ìkéré, ẹ wé e sínú bébà, ẹ má fi ọ̀rá wé e torí ó máa hu.

Aago mẹ́wàá àárọ̀, ó pẹ́ tán aago mọ́kànlá, kẹ́ ẹ ti gbéra. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Sunday, àwọn tó ń padà s'Ékòó máa ń dí ọ̀nà Ìbàdàn láti ọ̀sán lọ, tó bá sì fi di aago márùn-ún, ọ̀nà Ògíjo náà á ti kún fún tírélà, ẹ lè lo wákàtí méjì láti Ṣàgámù dé Odógunyàn. Monday àárọ̀ ló dáa jù fẹ́ni tí ọ̀gá ẹ̀ bá lè fún láàyè.